Kí ẹ tó dín eré fáànù kù, ẹ wá ibi tí ooru há sí

Ìbéèrè: Ẹ kú uṣẹ́ o. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Adó-Èkìtì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo ń lò, tòkunbọ̀ ni. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni fáànù rẹ̀ ti ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí mo bá ṣí fáìlì, á han gooro, á rọlẹ̀, á tún han. Ẹnìkan ní kí n wọ inú BIOS (ibi ìṣètò tí a ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), kí n dín eré fáànù náà kù. Ṣé kí n ṣe é? – *Oníṣòwò kan, Adó-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Ooru ló ń lé fáànù yẹn sáré. Bí ẹ bá so ó lẹ́sẹ̀ nígbà tí ooru ṣì há sínú, processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀ ni yóò dẹ ìrìn. Púpọ̀ nínú ti Intel máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 100°C. Bí ooru bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á kú pii, iṣẹ́ oníbàárà á sì bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ooru náà. Ẹ lè lo HWiNFO tàbí Core Temp, ètò tó ń fi ìwọ̀n ooru processor hàn; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì fún ìlò ara ẹni. Nínú yàrá tó gbóná tó 32°C, 40 sí 50°C dára nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́ kan. Lẹ́nu iṣẹ́ tó wúwo, kó má kọjá 85°C. Ẹ wo bó ṣe ń gòkè pẹ̀lú. Bó bá fò dé 95°C láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, irin tó ń fa ooru kò jókòó dáadáa lórí processor, tàbí paste àárín wọn, ìyẹn ọ̀dà tó ń gbé ooru kọjá, ti gbẹ. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, eruku ni kí ẹ fura sí.

Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ gbé e síta. Ẹ tú fáànù kúrò lórí irin náà, torí abẹ́ fáànù gan-an ni eruku ọyẹ́ ti máa ń dì bí òwú, ojú kì í sì í rí i látòkè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ tó fi blower fẹ́ ẹ. Ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ: bí atẹ́gùn bá yí i ju bó ṣe yẹ lọ, bearing rẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kó yí geere, lè bàjẹ́. Ẹ má fi aṣọ tútù nu ohunkóhun nínú rẹ̀.

Bí paste bá ti gbẹ bí ẹfun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó pa á, kí paste àtijọ́ lè rọ̀. Ẹ yí irin náà díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Ẹ má fà á tu. Lórí AMD AM4 (irú ìjókòó processor AMD kan), processor lè bá a jáde, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́. Ẹ fi isopropyl alcohol nu ojú méjèèjì mọ́, ẹ fi paste tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan sí àárín. Bí irin yín bá jẹ́ ti Intel ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń tẹ̀ wọlé, ẹ tẹ̀ wọ́n ní ìdojúkọra, kí gbogbo wọn sì dún “kọ́”. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí kò bá wọlé, ó tó láti da gbogbo iṣẹ́ yìí nù.

Ẹ wá lè wọ BIOS báyìí. Níbi tí a ti ń yan ọ̀nà ìdarí fáànù, bó bá jẹ́ oníwáyà mẹ́rin, PWM ni kí ẹ yàn. Oníwáyà mẹ́ta, DC. Bí ẹ bá yan PWM fún oníwáyà mẹ́ta, eré àsápajúdé ni yóò máa sá. Ẹ fi eré fáànù sí 35% títí ooru processor yóò fi dé 50°C, 50% ní 65°C, 70% ní 75°C, 100% ní 85°C. Ní ti ariwo tó ń ga tó ń rọlẹ̀, ẹ wá “step up” tàbí “smoothing”, ẹ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, kí fáànù má baà sáré tẹ̀lé gbogbo fáìlì tí ẹ bá ṣí.

Bó bá jẹ́ pé ó ń lọ̀ gìrìgìrì, bearing ti jẹ: ẹ ra òmíràn. Òróró tí àwọn kan máa ń kán sí i kì í pẹ́ gbẹ.

Ìbéèrè: Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń lo laptop mi. Fáànù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá sùn. – *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Ìdáhùn: Fóòmù ti dí ihò tó fi ń mí. Gbé e lé pákó, kí o fi ìdérí ìgò méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Lóru, wọ Power Options lórí Windows, wá “Maximum processor state”, kí o sọ ọ́ di 99%. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, èyí máa ń pa turbo, ìyẹn eré àfikún processor. Iṣẹ́ tó wúwo á falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kò ní mọ̀ ọ́n lára, ariwo á sì dín kù gan-an.