Ta Ló Máa Pa Adìyẹ Kérésì Lọ́dún Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Inú oṣù Karùn-ún lọkọ mi kú, àìsàn yẹn ò pẹ́ lára ẹ̀ rárá. Látìgbà tí wọ́n ti ń gbé orin Kérésì sókè láwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa n'Íbàdàn, ńṣe lọkàn mi kàn ń já. Òun ló máa ń pa adìyẹ lálẹ́ ọjọ́ 24, àwọn ọmọ á bá a di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, á wá máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni wọ́n. Abíkẹ́yìn mi bi mí lánàá pé, "Mọ́mì, ta ló máa pa adìyẹ?" mi ò rí nǹkan kan sọ, mo kàn wọ yàrá lọ. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní opó tí ọkọ ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan nílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣọdún, pé táwọn bá gbọ́ pé mo se ìrẹsì, a jẹ́ pé inú mi dùn sí ikú ẹ̀ nìyẹn. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sì kó aṣọ ẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ọdún tó dé?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yẹn, wọ́n á dàgbà, wọ́n á dògbó.

Ẹ jẹ́ n ti orí ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ torí òun ló ń bí mi nínú jù. Ìrẹsì kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó fẹ́ràn ọkọ ẹ̀. Ẹ ti ṣọ̀fọ̀, ẹ ṣì ń ṣọ̀fọ̀, ẹ ò sì ní kí wọ́n wá lulù nílé yín. Ohun táwọn ọmọ mọ̀ ni pé bàbá àwọn ti lọ, tí Kérésì náà bá tún wá bá a lọ, a jẹ́ pé méjì nikú gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá àgbà kan tó láàánú nínú ẹbí yẹn, bí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín obìnrin, kẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ kó tó di ọjọ́ ọdún, kó bá yín bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ẹ má dá dojú kọ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń ka Bíbélì, ẹ ṣí Lúùkù orí 2, ẹ má dúró síbi àwọn olùṣọ́ àgùntàn tá a máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kà á dé ẹsẹ 36. Ẹ máa rí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ánà níbẹ̀. Ọdún 7 péré lòun àtọkọ ẹ̀ fi jọ wà, ó wá di opó títí tó fi darúgbó, ọdún 84 ni Bíbélì dárúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Jésù wá sí tẹ́ḿpìlì, opó yìí yọ sí wọn, ó ń dúpẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà fáwọn èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó torí pé opó ni. Nínú Mátíù orí 2 náà, ẹkún Rákélì lórí àwọn ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá tí Kérésì ò tíì tán nílẹ̀ sì ni ìjọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì fi ń rántí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí Hẹ́rọ́dù pa. Ẹkún ti wà nínú ọdún yìí látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ mú un wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn, ẹ má sá fún un o. Ẹ jókòó ti ọmọ yẹn, ẹ sọ fún un pé Dádì ló máa ń pa á lóòótọ́, ó sì ń dun ẹ̀yin náà pé kò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sunkún lójú ẹ̀ kò burú, ọmọ tó rí ìyá ẹ̀ tó sunkún, tó nujú, tó tún lọ dáná, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pe àbúrò yín tàbí ọ̀rẹ́ bàbá wọn kan wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, káwọn ọmọ di ẹsẹ̀ adìyẹ mú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Tápá yín ò bá ká a lọ́dún yìí, ẹ ra ẹja, ẹja náà tó ọdún ṣe.

Tẹ́ ẹ bá wá ń jẹun, ẹ dárúkọ ọkọ yín. Ọ̀pọ̀ ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣọ́ ẹnu, kálukú ń rò ó, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ nǹkan kan tí Dádì máa ń ṣe tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, tẹ́rìn-ín bá sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀yin náà, ẹ má gbé e mì, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀.

Ní ti ìsìn orin Kérésì, ẹ jókòó sẹ́yìn létí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ lè jáde tí orin kan bá gbé ẹkún yín dé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé oorun ò kùn yín mọ́, oúnjẹ ò lọ, tàbí ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ọkọ yín lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mọ sí àdúrà nìkan, ilé ìwòsàn UCH wà n'Íbàdàn níbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà kíá.

Aṣọ ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kan kóun máa fi sùn, ẹ fún un, tó bá sì jẹ́ pé àwọn ẹbí ló ń béèrè, ẹ ní kí wọ́n dúró di ẹ̀yìn ọdún.