Nígbà tí wọ́n bá wó ilé ìjọba, ta ni ó ń rí àlàáfíà?

Ẹ béèrè bóyá ìwà ọ̀daràn yóò pọ̀ sí i ní àwọn àdúgbò tó wà nítòsí bí ìjọba bá wó àwọn ilé tí ó kọ́ fún àwọn tálákà. Apá gúúsù ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé nígbà tí wọ́n ń wó Robert Taylor Homes, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ alájà 16, tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn lọ ní 2007.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an, ara tù wá. Ìró ìbọn dínkù lóru, nítorí pé àwọn àtẹ̀gùn inú ilé wọ̀nyẹn tó ṣókùnkùn biribiri ni àwọn tó ń ta oògùn olóró fi ṣe ọjà àti ibi ìsápamọ́.

Nígbà tí mo kó lọ sí South Shore, àdúgbò mìíràn ní Chicago, ni mo rí apá kejì. Ìwé Section 8, tí ìjọba fi ń bá ènìyàn san púpọ̀ nínú owó ilé, ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n àdúgbò tí nǹkan kò ti rọgbọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí onílé tí yóò gbà á. Ọmọkùnrin tó dàgbà níbi tí ẹgbẹ́ ọmọ ìta Black Disciples ti ń pàṣẹ lè bá ara rẹ̀ ní òpópónà tí ẹgbẹ́ mìíràn gbà gẹ́gẹ́ bí tiwọn, kí wọ́n sì torí ibi tó ti wá nìkan yìnbọn sí i, bí kò tilẹ̀ bá ẹgbẹ́ kankan rìn rí. Ó dùn mí wọra láti gbọ́ kí àwọn aládùúgbò mi máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀daràn, nígbà tí òun gan-an ni wọ́n ń lé kiri.

Ìwádìí tí àjọ olùwádìí Urban Institute ṣe ní 2012 lórí Chicago àti Atlanta bá èyí mu: ìwà ọ̀daràn dínkù gan-an níbi tí wọ́n ti wó ilé, ṣùgbọ́n àdúgbò tí ìdílé púpọ̀ kó lọ kò rí ìdínkù tó yẹ kí ó rí. Níbi tí àwọn tó kó wá kò ti pọ̀, kò sí ìpalára kan tó hàn.

Nítorí náà, kí wọ́n tó wó ilé kankan ní ìtòsí yín, ẹ bi àwọn aláṣẹ léèrè ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń lọ, iye tí yóò kó lọ sí àdúgbò kan lẹ́ẹ̀kan náà, àti ẹni tí yóò máa bẹ àwọn ọmọ wọn wò ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun.