Ta ló láṣẹ láti lé ayálégbé jáde ní Èkó? Èsì fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní ayálégbé ọlọ́dọọdún yín ní Agége ti jẹ yín ní owó ilé ọdún kan gbáko, kò sì fẹ́ kó jáde. Àjẹ́ǹtì yín wá ní òun mọ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó gba láísẹ́ńsì láti máa lé ayálégbé, kí ẹ fi ìdajì owó iṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ wá ń bèèrè irú láísẹ́ńsì tó yẹ kí wọ́n fi hàn yín, àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Kò sí irú láísẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ó yé mi bí ọkàn yín ṣe lọ síbẹ̀. Ní England tí ẹ ń gbé, aládàáni pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Lord Chancellor, ìyẹn mínísítà ètò ìdájọ́ wọn, ló ń fún àwọn High Court Enforcement Officer, àwọn tó ń mú ìdájọ́ kóòtù ṣẹ, láṣẹ lábẹ́ òfin ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè, adájọ́ ló ń fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí ọdún 2, wọ́n á sì fi £10,000 ṣe ìdúró. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Sheriffs and Civil Process fi iṣẹ́ yìí sọ́wọ́ Ṣẹ́ríìfù àti àwọn bélífù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kóòtù ni bélífù, òun ni àwọn bàbá wa ń pè ní akódà. Owó oṣù ìjọba ló ń gbà, kò sì lè kọjá ohun tí ìwé kóòtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ.

Tí ẹ bá wá ní kí àwọn ènìyàn yìí fi láísẹ́ńsì hàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ojúlówó ìwé síta, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí ènìyàn mú. Ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò sọ ju pé ilé-iṣẹ́ náà wà lójú òfin. Tó bá jẹ́ láísẹ́ńsì ẹ̀ṣọ́ aládàáni, òfin Private Guard Companies ti 1986 ló gbé e kalẹ̀, àjọ Civil Defence ló sì ń mójú tó wọn. Kí wọ́n ṣọ́ ilé àti dúkìá ni iṣẹ́ wọn. Òfin náà kò tilẹ̀ gbà wọ́n láyè láti gbé ìbọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí wọ́n wọ iyàrá ẹnìkan kí wọ́n máa kó ẹrù rẹ̀ síta. ESVARBON ló ń forúkọ àwọn estate surveyor sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, LASRERA sì ni àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé títà àti ilé yíyá ní Èkó. Ẹ yẹ orúkọ àjẹ́ǹtì yín fúnra rẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn, torí ẹni tó ń sọ pé aládàáni lè lé ayálégbé ti ń kọ mí lóminú. Àjẹ́ǹtì tó dára lè bá yín gba owó ilé, kó fún ayálégbé ní nótíìsì, kó sì jẹ́rìí ní kóòtù. Kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni síta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Abala 44 nínú òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé, tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, tó halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó wó lára ilé kí ayálégbé lè sá jáde láìgba àṣẹ kóòtù, ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ. Àwọn tí wọ́n bá ṣí páànù á ti sá lọ, orúkọ onílé ló máa wà nínú ìwé ẹ̀sùn. Onígbèsè yín á wá di olùpẹjọ́.

Ìjọba gan-an ti fojú winá irú ẹ̀ yìí rí. Ní 1985, ìjọba ológun Èkó lé Odumegwu Ojukwu jáde nílé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà dé Supreme Court ní 1986, àwọn adájọ́ kọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n ní ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò lè wá máa tọrọ ojúrere kóòtù. Gómìnà tó ní ṣọ́jà lẹ́yìn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Tí àjẹ́ǹtì bá sì ní òun mọ DPO kan, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ rántí pé òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé àdéhùn. Tí ẹ̀yin àti ayálégbé bá ti kọ iye oṣù nótíìsì síbẹ̀, òun lẹ ó tẹ̀lé. Tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, òfin Èkó ní oṣù 6 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, oṣù 3 fún ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù 1 fún olóṣooṣù. Nígbà tí kúìtì nótíìsì yìí, ìyẹn èyí tó ní kó kó jáde, bá pé ni nótíìsì ọlọ́jọ́ 7 á tẹ̀lé e, láti sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ kóòtù. Tó bá jẹ́ pé ìgbà kan pàtó lẹ yá a, tí ìgbà náà sì ti parí, ẹ kò nílò kúìtì nótíìsì mọ́, ti ọlọ́jọ́ 7 nìkan ti tó. Láàárín ìgbà yìí, ẹ má ṣe gba owó ilé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi lọ́yà yín, kí ó má baà sọ pé ẹ ti tún ilé yá òun. Àwọn ará Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin 2011 yìí kò kàn. Agége wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Supreme Court bẹnu àtẹ́ lu àwọn ayálégbé tó ń fi àṣìṣe inú nótíìsì ra ọdún púpọ̀ sínú ilé onílé. Inú onílé dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ kọ nótíìsì yẹpẹrẹ.

Ibi tí àwa tí a wà lókè òkun ti sábà ń jìn sí kòtò ni ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá máa fún ayálégbé ní nótíìsì lórúkọ yín, ó yẹ kó ti gba àṣẹ yín ní kíkọ, kí nótíìsì tó jáde. Ohùn yín lórí WhatsApp kò tó. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnìkan dúró fún yín látòkè délẹ̀, ẹ ṣe power of attorney, ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú yín, kí ẹ sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ níwájú notary public, ìyẹn lọ́yà tó ń fọwọ́ sí ìwé pé ojúlówó ni, níbẹ̀ tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà. Abala 150 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kí kóòtù gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó mọ ilé náà dáadáa, tó ti ń gba owó níbẹ̀, ni kí ẹ yàn, torí òun ni lọ́yà ayálégbé máa da ìbéèrè bò ní kóòtù.

Tí kóòtù bá dá yín láre tí kò sì dá ọjọ́ tí yóò jáde, ó di ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìdájọ́ kí wọ́n tó lè fún yín ní writ of possession, ìyẹn ìwé àṣẹ kóòtù láti gba ilé padà. Bélífù ló máa mú un lọ, ọlọ́pàá sì lè bá a lọ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Kóòtù ni kí ẹ san owó iṣẹ́ náà fún, kí ẹ gba rìsíìtì. Kí aṣojú yín ya fídíò gbogbo ẹrù bó ṣe ń jáde, kó sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lójú bélífù.

Kí owó kóòtù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè gbìyànjú Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń yanjú. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ rárá máa ń gbà láti jáde tí ẹ bá dín gbèsè kù fún un. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó lọ́yà mọ́ ọn kí ẹ tó sọ pé rárá. Ẹ wo ìwé àdéhùn yín báyìí, kí ẹ kọ ohun tó sọ nípa nótíìsì síbí pẹ̀lú ọjọ́ tí ó kó wọlé, ká lè mọ èyí tí ẹ máa fún un nínú nótíìsì méjèèjì.