Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Òṣùwọ̀n Ò Fi Kúrò Lójú Kan

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè ẹ. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí o ti ń jí rìn láàárọ̀, tí o ti dín oúnjẹ kù, tí o ò sì fẹnu kan ohun mímu aládùn mọ́, síbẹ̀ kílò kan àtààbọ̀ péré ló kúrò lára ẹ. O wá ń béèrè bóyá kí o jáwọ́, tàbí kí o tún dín oúnjẹ kù sí i. Má jáwọ́. Má sì dín in kù sí i. Ìdáhùn mi nìyẹn, àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ ibi tí mo ti rí i.

Kílò 104 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi sì ti ń sún mọ́ ti alátọ̀gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kílò mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Inú mi dùn dé ibi pé mo ti ń ṣírò oṣù tí aṣọ ìgbéyàwó mi máa tún gbà mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó lọ yẹn. Ara máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ lára ìrẹsì, búrẹ́dì àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí a bá jẹ, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí o bá dín oúnjẹ kù, èyí lara kọ́kọ́ ń ná, omi rẹ̀ á sì bá a lọ. Ọ̀rá ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kúrò.

Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún dé ìkọkànlá, òṣùwọ̀n ò kúrò lójú kan. Kílò 100. Mo bá a níbẹ̀ láàárọ̀, mo bá a níbẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń gùn ún lójúmọ́: kí n tó tọ̀, lẹ́yìn tí mo bá tọ̀ tán, kí n tó lọ rìn, nígbà tí mo bá dé. Mo máa ń bọ́ yẹtí. Mo gbé e kúrò ní yàrá lọ sí balùwẹ̀, mo ní bóyá ilẹ̀ ni ò tẹ́jú. Lọ́jọ́ kan ó gbéra, ó di 101.6, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹyin nìkan ni mo jẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo sunkún títí omi gbígbóná tí mo gbé wọlé fi tutù. Ọkọ mi tó kàn ń sìn mí rìn kí n má baà dá nìkan lọ, kílò márùn-ún ti kúrò lára tiẹ̀. Ọjọ́ tó ní ṣòkòtò òun ti ń já bọ́, ńṣe ni mo jáde fún un nínú yàrá.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni mo wá ṣe ohun tí ìwọ náà ń rò lọ́wọ́ yìí. Mo sọ oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Òòyì ń kọ́ mi lórí àtẹ̀gùn, oorun dá lójú mi, mò ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ láìnídìí. Kílò kan lọ, ó sì padà láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já tẹ̀ lé kóòmù. Ẹni tó bá ń sáré fọn báyẹn tún lè ní òkúta nínú àpò òróǹro. Má dán an wò.

Inú mi ò tíì yọ́ sí dókítà tí mo lọ bá. Mo mú ìwé tí mò ń kọ oúnjẹ mi sí lọ, títí kan ṣíbí epo. Kò wò ó. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò tó fi ní, “Ìyá, ẹni tó bá ń jẹ ohun tí ẹ ń sọ yìí gbọ́dọ̀ fọn. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún ara yín.” Ó ti ní kí n ṣe àyẹ̀wò ṣúgà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó wá ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín bí oṣù mẹ́ta ni o! Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń wò, ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń lo bí ọjọ́ 120 nínú ara. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fà lára mi lọ́jọ́ yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òun ló kàwé rẹ̀, èmi kọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kí n gbé ẹ̀bi lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló ṣí káàdì mi. Ó rí i pé wọ́n ti wọn ìbàdí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: sẹ̀ǹtímítà 112. Ó mú téèpù, ó yí mi ká, ó ní 105. Ẹ̀jẹ̀ mi tó jẹ́ 148 lórí 94 ti di 136 lórí 86. Nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn wà nínú káàdì lórí tábìlì dókítà ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá mi wí.

Sùúrù ni baba ìwà, láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ kí n máa wò bí mo bá ń ṣe sùúrù náà. Òṣùwọ̀n ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí omi. Iṣan tí kò mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra bí o bá bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Iyọ̀ ń fa omi. Nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ń fa omi. Kílò kan sí méjì lè lọ kó sì bọ̀ lójúmọ́ kan náà láìsí pé ọ̀rá kankan kúrò. Bí o bá sì ti ń fọn, ara tó ti kéré ò ní máa jó oúnjẹ tó bí ó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí fífọn náà fi ń falẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, lórí èèyàn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Wọ́n ní kí apá kan lára wọn dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù láàárín wọn ju ti àwọn tí wọ́n kàn fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ìdá 7 nínú kílò 104 mi ò tó kílò mẹ́jọ. Ọgbọ̀n ni mò ń lé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi dá ẹ dúró.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí o máa gun òṣùwọ̀n, láàárọ̀, lẹ́yìn tí o bá ti tọ̀. Má fi ọ̀sẹ̀ yìí wé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tí nǹkan oṣù parí ni kí o fi wé irú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ohun tí mo fi gba ara mi sílẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá òṣùwọ̀n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, oṣù 14 ló sì gbà mí kí n tó dé kílò 86. Ó tún dúró ní ẹ̀ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Mi ò sunkún mọ́.

Àwọn tó ń ta tíì tó ń múni fọn á wá bá ẹ, torí wọ́n mọ ìgbà tí ara ń kan èèyàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ ló ń múni yà. Omi ara ló ń lọ, ọ̀rá ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹ bá sì ń ru, má fi ọwọ́ ara ẹ dá oògùn dúró nítorí pé o ti ń rìn.

O ò sọ bóyá o ń lo oògùn kankan. Àwọn oògùn kan wà tó ń múni sanra, steroid, oògùn tó ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀, wà lára wọn. Bí ó bá sì ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tí òtútù ń mú ẹ níbi tí kò ti mú ẹlòmíràn, ní kí wọ́n yẹ thyroid ẹ wò, ìyẹn ẹ̀yà ara kan lọ́rùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Tí wọ́n bá fojú di ẹ́, tún béèrè.

Wọn ìbàdí ẹ lọ́la kí o tó jẹun, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí o sì fi téèpù náà pamọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á fi pé. Ìgbà yẹn ni kí o tó wá sọ fún mi pé kò sí àyípadà.