Ẹ bi wá, a ó dá yín lóhùn: Kíltì, bọ́ọ̀tù àti eégbọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Glasgow ni mò ń gbé. Mo wọ kíltì, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin Skọ́tílándì tó dà bíi síkẹ́ẹ̀tì, lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan lọ́dún tó kọjá, aṣọ yẹn wù mí débi pé mo lọ ra tèmi. Àwa mẹ́rin wá fẹ́ rin West Highland Way, ọ̀nà ìrìn gígùn kan ní Skọ́tílándì, nínú oṣù kẹfà, kíltì ni gbogbo wa sì fẹ́ wọ̀. Ìyàwó mi ní òtútù á bá mi lẹ́sẹ̀ jà. Kí ni mo lè fi bo ẹsẹ̀, kí bàtà mi náà má bàjẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú ìmúra o. Bá mi sọ fún ìyàwó wa pé kó fọkàn balẹ̀ lórí òtútù. Kíltì gidi, irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún, òmíràn tó yáàdì 8, gbogbo ìṣẹ́po ẹ̀yìn yẹn ló ń mú ìdí àti itan móoru, ẹsẹ̀ tó bá sì ń rìn kì í tètè tutù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jọ bẹ̀rù ni eégbọn.

Eégbọn ni mo wí, ẹbí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ajá nílé. Inú koríko gíga àti ewé bracken ló ń lúgọ sí, ara àgbọ̀nrín àti àgùntàn ló ti ń mu ẹ̀jẹ̀, kì í fò, kì í sì í tọ, á kàn na ẹsẹ̀ iwájú síta lórí ewé, ẹsẹ̀ rẹ kàn fara kàn án báyìí, ó ti gùn ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó wọ kíltì, orúnkún rẹ̀ wà níta, abẹ́ aṣọ ṣí sílẹ̀, eégbọn lè rìn dé itan kó o má mọ̀ torí kì í dunni tó bá ń jẹni. Èmi bá ọ̀kan lẹ́yìn orúnkún mi lọ́jọ́ tá a sọ̀ kalẹ̀ láti Conic Hill, òkè kan lójú ọ̀nà yẹn, kò tóbi ju hóró yánmọtí lọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní àìsàn Lyme, àìsàn tí eégbọn máa ń kó ranni, lára, ṣùgbọ́n o ò lè fojú mọ èyí tó ní in. Nítorí náà lálaalẹ́, kó o tó sùn, yẹ ẹ̀yìn orúnkún, itan àti abẹ́ itan wò dáadáa. Tó o bá rí i, fi ẹ̀mú kékeré tẹ́nu ẹ̀ tín-ín-rín mú un níbi tó ti wọ ara gan-an, kó o fà á sókè tààrà, díẹ̀díẹ̀. Má fi faslíìnì pa á, má fi iná sun ún.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Púpọ̀ nínú àwòrán tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àìsàn yìí, ara òyìnbó ni: òrùka pupa kan tó ń fẹ̀. Lára àwa dúdú, ó lè má pupa rárá, ó lè dà bí ibi téèyàn fi gbá nǹkan tó wá ṣú, ó sì lè má yúnni, lèèyàn ò bá kà á sí. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí eégbọn bá jẹni ló sábà ń yọ, ó sì lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta kó tó yọ. Tó o bá rí ohunkóhun tó ń fẹ̀ sí i lára ẹ, lọ bá dókítà, kó o sì fẹnu ara ẹ sọ fún un pé o rin inú igbó, eégbọn sì lè ti jẹ ẹ́. Oògùn wà fún un.

Ní ti aṣọ ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kíltì tó nípọn, onírun àgùntàn, tó dé abẹ́ orúnkún ni kó o wọ̀, ká a lókè, kó o fi okùn rẹ̀ dè é. Ó ń gba ẹ̀gún gorse àti èsìsì dúró lójúgun, tó bá tutù pàápàá ó ṣì ń móoru. Lé e lórí, wá gaiter, aṣọ líle tí wọ́n ń dè bo ẹnu bọ́ọ̀tù tí okùn ẹ̀ gba abẹ́ bàtà kọjá, òun ni ò ní jẹ́ kí òkúta wẹ́wẹ́, omi àti ẹrẹ̀ wọlé. Nínú máìlì 96 láti Milngavie dé Fort William, ilẹ̀ púpọ̀ nínú ọ̀nà yẹn ló le, kò rọ̀, gaiter kúkúrú tó, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà wọ inú àbàtà.

Etí kíltì tí òjò bá pa máa ń ha ẹ̀yìn orúnkún títí á fi bó, ìgbà yìí gan-an ni faslíìnì wúlò, fi pa á láàárọ̀. Wọ ṣòkòtò péńpé tó fún mọ́ra sábẹ́. Àwọn kan á ní ọmọ Skọ́tílándì gidi kì í wọ nǹkan kan sábẹ́, má dá wọn lóhùn, àtitan tó ń bó àti eégbọn, ìwọ ló máa jìyà ẹ̀. Oṣù kẹfà tún ni àsìkò midge, wọ́n dà bíi kantíkantí, ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ ni wọ́n ń bo èèyàn, torí náà mú ìpara tó ń lé kòkòrò àti ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dání fún alẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi wọ bàtà kíltì rẹ̀, èyí tí okùn ẹ̀ gùn tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, lọ rìn lórí òkè. Ó yọ̀ ṣubú, bàtà náà sì rin gbingbin. Ṣé a ṣì lè tún un ṣe? Ìyá Tèmi, Aberdeen.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá Tèmi, ẹ bá mi kí bàbá Tèmi kú ewu. Ghillie brogue ni wọ́n ń pe bàtà yẹn, kò ní ahọ́n, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì máa ń dán, ti òde àríyá ni. Tó bá tún di ti òkè, bọ́ọ̀tù tó ní eyín lábẹ́ ni kí wọ́n wọ̀. Ní ti àtúnṣe, ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò, ẹ tú okùn ẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti fa omi. Ẹ má gbé e sún mọ́ hítà o, awọ á gan, á sì sán. Ó lè gba ọjọ́ méjì, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tó bá gbẹ tán kẹ́ ẹ fi ìpara bàtà ra á dáadáa.