Èsì: Fóònù ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà Ubuntu ò wọ̀ ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní Wi-Fi ilé yín ní Kubwa ń gbé fóònù dáadáa, àmọ́ kọ̀ǹpútà Ubuntu (ètò tó dúró sípò Windows) tí ẹ fi wáyà so mọ́ ráútà kan náà ń sọ pé òun ti so, síbẹ̀ kò ṣí nǹkan kan. Ẹ fi àwọn tó ń ta dátà fún yín sílẹ̀ ná. Inú ilé lọ̀ràn wà.

Ẹ ṣí Terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ping 8.8.8.8. Ping ń pe kọ̀ǹpútà mìíràn láti mọ̀ bóyá á dáhùn; 8.8.8.8 jẹ́ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà Google kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo iná kékeré ibi tí wáyà wọ̀. Bí kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ wáyà. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn, ẹ tẹ ping google.com. Bí ìyẹn ò bá wá lọ, DNS ni: kọ̀ǹpútà ò rí ẹni bá a wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ. Ẹ wọ Settings, Network, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wired, ẹ wọ IPv4, ẹ pa Automatic tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DNS, ẹ kọ 1.1.1.1, nọ́ńbà DNS tí ẹnikẹ́ni lè lò, síbẹ̀, ẹ tẹ Apply, ẹ pa Wired, kí ẹ tún un tàn.

Bí méjèèjì bá dáhùn ńkọ́? Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá yìí, bí CR2032, bátìrì kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, bá ti kú, aago lè padà sí ọdún àtijọ́, bráwúsà ò sì ní gbà láti ṣí ojú ewé kankan tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, torí aago ló fi ń mọ̀ bóyá ìwé ẹ̀rí ojú ewé náà ṣì péye. Bátìrì yẹn ò wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan ta bọ́ọ̀dù tuntun fún yín.