Ilé ìtajà ńlá tó ti ṣófo: ṣé òkè rẹ̀ lè di ilé gbígbé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi jogún ilé ìtajà alájà mẹ́ta ní Garki, l'Abuja. Ó ti ṣófo. A fẹ́ kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí òkè di ilé gbígbé. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda àyípadà ìlò ilé lọ́dọ̀ Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Abuja.

Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń da irú iṣẹ́ yìí rú jù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ jìn wọnú, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kì í sì í wọlé ju bíi mítà 6 tàbí 7 lọ. Yàrá ni kẹ́ ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ilé ìwẹ̀ bọ́ sáàárín. Bí ẹ bá fẹ́ lu àgbàlá sí àárín kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹnjiníà ni kó sọ ibi tí bíìmù (igi kọnkéré tó gbé dẹ́kìn dúró) kò gbà kọjá.

Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 pín yàrá lókè. Ó wúwo, ojú kan ló sì ń tẹ̀, dẹ́kìn lè sán níbẹ̀. Pátákó gypsum, èyí tó fúyẹ́, ló dáa.

Ẹ to ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léra, kí páìpù oní-ínṣì 4 lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Èyí tó bá sùn gbalaja, ẹ jẹ́ kó da gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́jú, á dí. Kí àtẹ̀gùn jẹ́ méjì nítorí iná, kí ọ̀kan má gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá.